Àwọn Orúkọ Tó Wà Lójú Ọ̀nà Ìgangan

Bí yunifásítì kan bá fẹ́ yangàn, orúkọ àwọn ọmọ tó tọ́ jáde ló máa ń kọ́kọ́ kà síta. Yunifásítì Ìbàdàn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu: Chinua Achebe, Wọlé Ṣóyínká tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, J. P. Clark, Bọ́lá Ìgè tó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 títí di 1983, Emeka Anyaoku tó fìgbà kan jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Kọ́mọ́ńwẹ́lì, Grace Alele-Williams, obìnrin àkọ́kọ́ tó di gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, nígbà tí Benin gbà á ní 1985. Ó yẹ ká máa kà wọ́n, kí àwọn ọmọ wa sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: nínú gbogbo àwọn tí owó ìlú rán níwèé, àwọn wo ni ará oko lè nawọ́ sí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn rèé? Ìbéèrè yìí ni mo gbé dání tí mo fi wọkọ̀ ní Ìbàdàn, tí mo kọrí sí Ìgangan.

Ìlú méje ni wọ́n ń pè ní Ìbàràpá Méje: Èrúwà, Láńlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín wọn mọ́wọ́. Ìgangan wà nínú ti Àríwá Ìbàràpá, tí Ayétẹ̀ jẹ́ ibùjókòó rẹ̀. Òun ló wà lókè pátápátá, níbi tí ilẹ̀ Ìbàràpá ti ń fẹnu kan Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn lọ síbẹ̀ yóò la ilẹ̀ Ìbàràpá já kó tó dé e, ìdí nìyẹn tí mo fi yan ọ̀nà náà.

Ẹléyẹlé la gbà, a kọjá Ológunẹ̀rù, a já sí Ìdó. Lẹ́yìn Ìdó, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká, oko àti igbó sì gba ilẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ sí títí tó fi yọ lórí ń bọ̀ wá pàdé wa. Òmíràn kó èédú, òmíràn kó igi. Ó ti pẹ́ tí awakọ̀ wa ti ń ná ọ̀nà náà. Kí ó tó dé ibi kòtò ló ti ń yà fún un. Nígbà tí a kọjá Odò Ògùn, àwọn òkè àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́tùn-ún lósì, a sì mọ̀ pé Èrúwà kò jìnnà mọ́.

Bí èèyàn bá dárúkọ Awójobí ní Èrúwà, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé èwo nínú wọn. Dókítà Olúyọ̀mbọ́ Awójobí jáde nílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ní 1975, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi di àgbà oníṣẹ́-abẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí iṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó lè rí i sí Saudi Arabia, ọsibítù ńlá l'Ékòó yóò sì máa wá a. Èrúwà ló wá. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba tó wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1986, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlú náà. Ibẹ̀ ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù Igbe 2015.

Ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn òkè òkun ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere. Kí oníṣẹ́-abẹ tó gbé ọ̀bẹ, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ara aláìsàn náà tó. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èyí wò ní ọsibítù ńlá ń lò, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Awójobí mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé e kalẹ̀ kó lè máa yí láìrìn. Wọn á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín kan, wọn á dè é mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ẹnì kan á sì máa fọwọ́ yí pẹ́dálì. Ṣéènì á fà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á máa yí kíkankíkan. Nígbà tí wọ́n bá dá a dúró, èyí tó pupa nínú ẹ̀jẹ̀ á ti kó jọ sí ìdí ìgò, omi rẹ̀ á ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọn á wọn èyí tó pupa, wọn á fi wé gbogbo rẹ̀, dókítà á sì mọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Kò gba iná, kò gba epo. Ṣùkù àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ ń dà nù ló fi ń dáná omi tí ilé ìwòsàn náà ń lò. Àwọn ọmọ tó ka ìwé mẹ́wàá nínú ìlú ló mú, ló sì kọ́ níṣẹ́ títí wọ́n fi lè dúró ti oníṣẹ́-abẹ nídìí tábìlì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé kò fojú àbùkù wo ohun tó bá nílẹ̀. Ìmọ̀ tó kó wá láti Ìbàdàn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wẹ́dà, káfíńtà àti àgbẹ̀ ló ti wá ohun èlò tí yóò fi lò ó. Ẹni tó kàwé tó báyìí tó sì tún mọ ìlò ṣùkù àgbàdo, òun ni mo lè pè ní ọ̀mọ̀wé láìṣiyèméjì.

Èrúwà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Adéṣeun Ògúndoyìn sọ, ọmọ ìlú náà tó jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò. Ẹ̀ka Polí Ìbàdàn ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láńlátẹ̀ ní kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́, Igbó-Ọrà sì ní kọ́lẹ́jì iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ní Igbó-Ọrà, a yà jẹ àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa. Ìyá tó bù ú fún wa, ìyá ìbejì ni; kò sì sẹ́ni tó yà lẹ́nu níbẹ̀, nítorí ìlú ìbejì ni gbogbo ayé mọ Igbó-Ọrà sí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n fún ohun mìíràn. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀, tí wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń kó wá síbẹ̀ láti gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́ wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nìkan ni wọ́n ń dúró tì. Wọn á wọ ojúlé dé ojúlé, wọn á béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ohun tí ọmọ jẹ lánàá, ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn. Dókítà tó wà ní Houston lónìí, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà ní Riyadh, bó bá jẹ́ Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti mu omi Igbó-Ọrà rí.

Ọ̀kan lára àwọn olórí ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń bójú tó ètò náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ darí ètò ìwádìí wọn lórí àrùn ilẹ̀ olóoru ní 1976, òun ni wọ́n mú, ó sì wà nípò náà fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó jókòó sí Geneva tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìbà àti àtọ̀sí ajá, kò sọ ohun tó kà nínú ìwé nìkan. Ó ti rí ojú àwọn tí àrùn náà ń bá jà.

Láti Igbó-Ọrà, Ìdèrè ló kàn. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ ṣáájú 1990 kò lè gbàgbé sòbìà. Kòkòrò tín-ín-rín, gígùn, tó ń gba ẹsẹ̀ èèyàn yọ ni. Inú omi adágún ló ti ń bá omi mímu wọlé sára, èèyàn ò ní mọ̀. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún kan, ẹsẹ̀ á lé ròrò, á bẹ́, kòkòrò náà á máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìgbà iṣẹ́ oko gan-an ló máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọmọ iléèwé tó bá mú kò ní lè rìn dé kíláàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ìdèrè wà lára àwọn ìlú tí ìyà yìí jẹ gan-an.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ìpè náà. Wọ́n wá bá ará ìlú jókòó, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú kan níṣẹ́ ìlera àdúgbò, wọ́n sì mú aṣọ tí ojú rẹ̀ há débi pé omi lè kọjá ṣùgbọ́n ẹ̀dá kékeré tó ń gbé àrùn náà kò lè bá a kọjá. Àwọn aránṣọ ìlú ló rán asẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ló ń gbé e kiri tà, tí wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han àwọn ìyálé ilé lẹ́nu ìkòkò omi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn aláìsàn sòbìà ní Nàìjíríà káàkiri ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 600,000. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló pa sòbìà, láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n aránṣọ Ìdèrè wà lára wọn. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí yunifásítì ń tẹ̀ nípa àwọn ènìyàn ńlá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yunifásítì ló fi maṣíìnì rẹ̀ ṣe. Yunifásítì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, egbò Ìdèrè gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀ pè.

Ti ìjọba àpapọ̀ ni Ìbàdàn. Ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọkọ̀ wa ní Ìdèrè, tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ayétẹ̀, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí gbogbo wa kó tó wọlé, ó di àpò ìwé rẹ̀ mọ́ra. Mo bi í pé níbo ló ti ń kàwé. "LAUTECH ni, sà. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo wà, ní Ìsẹ́yìn."

LAUTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ọjọ́ 23 oṣù Igbe 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó dá a sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ 436 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Òkè sì ni gíwá àkọ́kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ náà wá di àjọni. Orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí àwọn ológun pa ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1966. Àjọni yìí kò rọgbọ. Nígbà tí owó kò wọlé mọ́ láti ìpínlẹ̀ méjèèjì, ilé-ẹ̀kọ́ náà tì pa fún ìgbà pípẹ́ ní 2016 àti 2017. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó ti jáde ṣì wà nílé. Oṣù Bélú 2020 ni Ọ̀yọ́ tó gbà á tán. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí Ìsẹ́yìn, tó súnmọ́ Ìgangan gan-an ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Mo bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gẹ́ ni. Ó ní ìyá òun ń dín gàrí, àmọ́ bí ọkọ̀ kò bá tètè wá, tàbí tí ọ̀nà bá bàjẹ́ nígbà òjò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú á bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́ sí i. Nígbà tí a dé Ayétẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún kúnlẹ̀ dágbére. Mo ń rò ó lọ pé ìbéèrè tí ọmọ yẹn gbé lọ sí Ìsẹ́yìn, inú oko ìyá rẹ̀ ló ti hù. Yunifásítì tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ kò lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tó sàn jù ú lọ.

A dé Ìgangan nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí, kaṣú, kò sí èyí tí wọn kì í gbìn. Èéfín gàrí ń rú lẹ́yìn àwọn ilé, àwọn ọkùnrin ń ti oko dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ike omi tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fún mi ní àga níwájú ilé rẹ̀. Lójú Bàbá, tíṣà ló kọ́kọ́ gbé yunifásítì dé ìlú yìí. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ tó jàǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955, àwọn tó ti St Andrew's Ọ̀yọ́ jáde ló sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ olùkọ́ tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá jinlẹ̀ ju bó ṣe sọ ọ́ lọ. Ọdún 1896 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS gbé St Andrew's kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́. D. O. Fágúnwà jáde níbẹ̀, ó di olùkọ́, nígbà tó sì di 1938, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde. Adékúnlé Ajásin náà jáde níbẹ̀, òun ló sì kọ àbá tí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, gbé ètò ẹ̀kọ́ wọn lé. Nígbà tó di gómìnà Oǹdó ní 1979, kò pẹ́ tó fi dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ sí Adó-Èkìtì, ní 1982. Ẹ wá wo bí okùn náà ṣe gùn: akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ní Ọ̀yọ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àbá rẹ̀ mú ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìgangan wọ iléèwé láìsan kọ́bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó jogún St Andrew's ti di ọ̀kan lára àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ báyìí, wọ́n sì fi orúkọ Emmanuel Aláyandé, àlùfáà àti olùkọ́ ńlá, sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ka orúkọ níbẹ̀, kí wọ́n ka Fágúnwà, kí wọ́n ka Ajásin, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àwọn tíṣà abúlé tó kọ́ irú Bàbá yìí ní a, b, d kún un.

Ìgangan náà ní ọmọ tó kàwé tó sì padà wálé. Dókítà Fátáì Abọ́rọ̀dé gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì wá dá oko ńlá sílẹ̀ ní ìlú abínibí rẹ̀, ó ń gba èèyàn síṣẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2020, bó ṣe ń ti oko bọ̀, wọ́n pa á lójú ọ̀nà. Àkókò yẹn, ìjínigbé àti ìjà àgbẹ̀ pẹ̀lú darandaran ti gba Ìbàràpá kan. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2021, ilé olórí àwọn Fúlàní ìlú náà jóná. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún náà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan, wọ́n pa èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ, wọ́n sì dáná sun ilé àti ààfin Aṣígangan, ọba ìlú náà.

Bàbá kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa òru yẹn, èmi náà kò sì fi dandan lé e. Ohun tó sọ kò ju pé ẹni tí wọ́n pa lójú ọ̀nà oko, àwọn ọmọ tó kù ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí ìbéèrè mi padà. Nígbà tí mo ń kúrò ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ yunifásítì ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́: ta ló padà sóko, ta ni kò padà? Ẹjọ́ náà kò tọ́ tí a kò bá kọ́kọ́ bi ìjọba léèrè. Awójobí rí ọgbọ̀n ọdún lò ní Èrúwà nítorí pé alẹ́ Èrúwà gba èèyàn sùn. Àwọn onímọ̀ rí àyè bá aránṣọ Ìdèrè ṣiṣẹ́ nítorí pé wọ́n lè wá kí wọ́n sì lọ láìbẹ̀rù. Abọ́rọ̀dé ṣe ohun tí gbogbo wa ń bẹ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n ṣe, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì fi dí i. A kò lè máa sọ fún ọmọ pé ilé làbọ̀ sinmi oko, kí a sì fi ọ̀nà oko sílẹ̀ fún agbébọn.

Mo mọ ohun tí mo máa sọ fún gíwá LAUTECH bí mo bá rí i. Ìbàdàn ti fi hàn láti 1963 pé yunifásítì lè yá ìlú kan ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ìlú náà sì yá a ní ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí Ìsẹ́yìn ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àríwá Ìbàràpá. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìgangan, sí Tápà, sí Ayétẹ̀, kí wọ́n gbé láàrin àwọn tó ń dín gàrí fún sáà kan, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́. Mo sì mọ ohun tí mo máa sọ fún ìjọba: àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ti wà láti 2020, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà oko Ìgangan rí wọn lọ́sàn-án àti lóru, kí ilé ẹjọ́ sì ṣe ẹjọ́ ẹni tó bá pa àgbẹ̀ títí dé òpin, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Fúlàní. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ dín owó àsè ọdọọdún kù, ẹ fi rán tíṣà sáyẹ́ǹsì sí iléèwé girama tí kò ní.

Ọmọbìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ayétẹ̀ yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìpẹ́. Lọ́jọ́ kan, LAUTECH yóò tún tẹ ìwé àwọn ènìyàn ńlá tó jáde níbẹ̀, ó sì tọ́ kí orúkọ ẹni tó yan Àríwá Ìbàràpá láti ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ó jẹ́ orúkọ ẹni tó wà láàyè.